Ọdún Mọ́kànlélógún Láàrin Jíìnì àti Kírísítálì: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Brian Kobilka Lórí Olùgba Adirẹnalíìnì β2

Ní ọdún 1986, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Duke ní ìlú Durham, ìpínlẹ̀ North Carolina, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé-iṣẹ́ oògùn Merck, kéde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature pé àwọn ti ya jíìnì kan sọ́tọ̀. Jíìnì náà ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì bí yóò ṣe to purotéènì tí à ń pè ní olùgba adirẹnalíìnì β2. Ó di oṣù kẹwàá ọdún 2007 kí ayé tó rí àwòrán purotéènì ọ̀hún dé ibi tí ènìyàn ti lè nàka sí ipò ásíìdì amínò kọ̀ọ̀kan. Brian Kobilka wà nídìí iṣẹ́ méjèèjì. Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí ọdún mọ́kànlélógún tó wà láàrin wọn: ohun tó dí ọ̀nà, èlò àti ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣí i, àti iṣẹ́ kan tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń fò kọjá, tó sì jẹ́ pé lójú tiwa, òun gan-an ló mú àṣeyọrí wá.

Ohun tí olùgba yìí ń ṣe

Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, tàbí tó bá ń sáré, adirẹnalíìnì á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Adirẹnalíìnì kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ìta ló ti ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Purotéènì tó ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ rì sínú awọ sẹ́ẹ̀lì, èyí tó jẹ́ ìpele ọ̀rá méjì. Ti ènìyàn ní ásíìdì amínò 413. Okùn ásíìdì amínò yìí la awọ kọjá ní ẹ̀ẹ̀meje: orí rẹ̀ wà níta, ìrù rẹ̀ wà nínú, ibi méje tó ti la awọ sì jẹ́ opó lílọ́ méje tó dúró yí ihò kékeré kan ká. Apá òde ihò yẹn ni adirẹnalíìnì ti ń wọlé jókòó. Lápá inú sẹ́ẹ̀lì, purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ Gs ló ń dúró de ìròyìn. Tí ìròyìn bá dé, Gs á ju GDP, èròjà kékeré kan tó dì mú, sílẹ̀, á gba ìbátan rẹ̀, GTP, á sì lọ jí ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe cAMP, èròjà tó ń gbé ìròyìn náà káàkiri inú sẹ́ẹ̀lì. Nínú iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká, àbájáde gbogbo rẹ̀ ni pé iṣan á dẹ̀, ọ̀nà èémí á sì là.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ní asthma fi ń fa salbutamol símú: salbutamol ń jí olùgba β2. Propranolol ń jókòó síbi kan náà láìjí i, kì í sì í jẹ́ kí adirẹnalíìnì ráyè. Ohun tó fà á nìyẹn tí wọn kì í fi fún ẹni tó ní asthma. Jíìnì tó tó bí 800 ló wà lára ènìyàn fún purotéènì inú ẹbí àwọn olùgba tó la awọ kọjá ní ẹ̀ẹ̀meje yìí, àyẹ̀wò kan tó jáde ní 2017 sì fi hàn pé ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oògùn tí àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ló ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀kan nínú wọn ṣe ń yí padà ti mọ púpọ̀ nípa ìyókù.

Bí wọ́n ṣe rí jíìnì náà

Ní 1955 ni wọ́n bí Kobilka ní Little Falls, ìpínlẹ̀ Minnesota, sínú ìdílé àwọn oníbúrẹ́dì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yale, ó ṣe dókítà ní St. Louis, ó sì dé láàbù Robert Lefkowitz ní Duke ní 1984. Kò bá ilé òfìfo níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Lefkowitz ti ń lo hómónù àti oògùn tí wọ́n so átọ̀mù onítànṣán mọ́ láti wá ibi tí olùgba wà àti láti ka iye rẹ̀, ní àkókò tí àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn pé bóyá ni olùgba wà gẹ́gẹ́ bí nǹkan gidi. Òun àti Marc Caron ti so oògùn alprenolol mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ Sepharose tí wọ́n kó sínú ọ̀pá gíláàsì. Bí wọ́n bá da omi sẹ́ẹ̀lì kọjá nínú rẹ̀, olùgba tó ṣì pé á so mọ́ alprenolol, ìyókù á sì ṣàn lọ. Ẹ fi ọ̀pá alprenolol yìí sọ́kàn, nítorí ó ṣì wúlò ní ogún ọdún lẹ́yìn náà.

Wọ́n yọ olùgba náà láti inú ẹ̀dọ̀fóró hamster, ẹranko kékeré kan tó jọ eku. Wọ́n fi cyanogen bromide gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ka ètò ásíìdì amínò àwọn ègé náà, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n kà ṣe DNA kúkúrú tí wọn yóò fi dọdẹ jíìnì. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti kọ́kọ́ ń wá irú jíìnì bẹ́ẹ̀ ni àkójọ DNA tí wọ́n dà kọ láti ara mRNA, ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń lò láti to purotéènì. Ṣùgbọ́n mRNA olùgba yìí kò pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ìdọdẹ náà kò mú ohun tó pé wá. Wọ́n wá lọ sínú àkójọ DNA hamster fúnra rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ jíìnì ẹranko ni ọ̀rọ̀ tí kò jẹ mọ́ purotéènì máa ń pín sí wẹ́wẹ́. Ti olùgba β2 kò rí bẹ́ẹ̀: ó lọ geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí wọ́n ka a tán, ó jọ rhodopsin, purotéènì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ojú màlúù. Ìmọ́lẹ̀ àti hómónù kò jọra rárá, síbẹ̀ ẹbí kan náà ni àwọn tó ń gbà wọ́n. Ní 1988, Kobilka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé jíìnì olùgba α2 àti ti β2, wọ́n sì rán apá ọ̀kan mọ́ apá èkejì lóríṣiríṣi ọ̀nà. Wọ́n fi èyí mọ̀ pé opó keje ń kó ipa ńlá nínú irú oògùn tí olùgba yóò gbà, àti pé agbègbè opó karùn-ún àti opó kẹfà, pẹ̀lú okùn tó so wọ́n pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ní ọwọ́ nínú irú purotéènì G (ẹbí tí Gs wà nínú rẹ̀) tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Láti ìgbà yẹn ni ojú ti wà lára opó kẹfà.

Ìdí tí kò fi fẹ́ di kírísítálì

Èkìsíréè kò lè ya àwòrán purotéènì kan ṣoṣo. Àìmọye ẹyọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tò jọ lọ́gbọọgba, kí gbogbo wọn dúró ní ìdúró kan náà; òun là ń pè ní kírísítálì. Bíríkì tí amọ̀ rẹ̀ ṣì tútù kò ṣeé mọ odi, bẹ́ẹ̀ náà ni purotéènì tí ìrísí rẹ̀ ń yí padà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú kò ṣeé tò.

Ìṣòro olùgba β2 kì í ṣe ẹyọ kan. Lákọ̀ọ́kọ́, kò pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì ẹranko, bẹ́ẹ̀ kírísítálì ń fẹ́ mìlígíráàmù púpọ̀. Èkejì, inú ọ̀rá ló ń gbé. Kó tó jáde nínú awọ sẹ́ẹ̀lì, ó gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò bo ara rẹ̀ tó kórìíra omi, ọṣẹ ni wọ́n sì ń lò. Ọṣẹ tó le máa ń tú u palẹ̀. Ọṣẹ tó rọ̀ máa ń wú bò ó ká, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ló kù tí purotéènì kan lè fi fara kan èkejì. Èyí tó kù nísàlẹ̀ ọ̀hún náà kò dúró jẹ́ẹ́: okùn kẹta tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tó so opó karùn-ún mọ́ opó kẹfà, àti ìrù gígùn rẹ̀ ń já lọ já bọ̀, wọn kò ní ìrísí kan pàtó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àárín olùgba náà fúnra rẹ̀ ń mì.

Ní ọdún 2000, Krzysztof Palczewski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwòrán rhodopsin màlúù jáde, ó mọ́ dé 2.8 Å (Å kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe mọ́ tó). Ìdí tí rhodopsin fi ṣeé ṣe ṣáájú kò ṣòro láti rí. Ó pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ojú, wọn kò nílò láti gbìn ín sínú sẹ́ẹ̀lì kankan. Retinal tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ti so mọ́ ọn pátápátá láti inú, ó sì dè é mọ́lẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi kàn án; nínú òkùnkùn, ó dúró gbagidi. Olùgba hómónù kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwòrán rhodopsin tọ́ka ọ̀nà, kò gbé ènìyàn débẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pèsè rẹ̀

Ní Yunifásítì Stanford, níbi tí Kobilka ti dá láàbù tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò ní Duke, ìpèsè olùgba yìí di iṣẹ́ ọwọ́ tó ní ìlànà. Sẹ́ẹ̀lì kòkòrò tó ń jẹ́ Sf9 ni wọ́n ń lò. Ilé ẹyin Spodoptera frugiperda ni wọ́n ti mú ìran sẹ́ẹ̀lì náà jáde, ìyẹn kòkòrò armyworm tí àwọn àgbẹ̀ àgbàdo ní Nàìjíríà, Benin àti Togo mọ̀ dunjú láti 2016 tó ti ń jẹ oko wọn run. Nínú láàbù, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wúlò púpọ̀: ó ń dàgbà nínú omi oúnjẹ ní 27°C, kò nílò afẹ́fẹ́ CO2, fáírọ́ọ̀sì baculovirus sì lè gbé jíìnì tí a bá fẹ́ wọ inú rẹ̀. Wọ́n ń fi fáírọ́ọ̀sì náà ràn án nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá tó mílíọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin nínú mìlílítà kan, wọ́n á sì kó o ní nǹkan bí wákàtí 48 lẹ́yìn náà. Wọ́n máa ń fi alprenolol díẹ̀ sínú omi oúnjẹ pàápàá, nítorí olùgba tí oògùn ti jókòó sínú rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́ bí èyí tí inú rẹ̀ ṣófo.

Wọ́n á fi omi tí kò ní iyọ̀ bẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n á kó awọ rẹ̀, wọ́n á sì fi ọṣẹ dodecyl maltoside, DDM, yọ olùgba jáde ní ìwọ̀n ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á dín ọṣẹ kù sí ìdá 0.1. Kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ dé ìdá 0.0087, níbi tí DDM kì í ti í lè kóra jọ mọ́. Bó bá débẹ̀, olùgba á so mọ́ ara wọn, wọ́n á sì rì sísàlẹ̀ bí ìdọ̀tí funfun. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti bẹ́ sẹ́ẹ̀lì ni leupeptin àti benzamidine ti gbọ́dọ̀ wà nínú omi náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì á ti gé okùn kẹta kí wọ́n tó dé ìdajì iṣẹ́.

Ọ̀pá mẹ́ta ni olùgba ń gbà kọjá. Àkọ́kọ́ ni ti M1, antibody kan (purotéènì tí ara ń ṣe láti di nǹkan àjèjì kan pàtó mú), tó ń di àmì FLAG tí wọ́n rán mọ́ orí olùgba mú. M1 kì í dì í mú àfi kí calcium wà, nítorí náà tí wọ́n bá fi EDTA gba calcium kúrò, olùgba á jáde wọ́ọ́rọ́. Èkejì ni ọ̀pá alprenolol àtijọ́ láti Duke. Ẹni tó bá kánjú lè rò pé ọ̀pá yìí kò pọn dandan, nítorí ohun tó ti M1 jáde ti mọ́ nínú àyẹ̀wò jẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi ń wo irú purotéènì tó wà nínú omi. Àmọ́ M1 ń mú olùgba tó pé àti èyí tó ti bàjẹ́ pa pọ̀, nítorí àmì kan náà ló wà lórí àwọn méjèèjì. Alprenolol nìkan ló lè yà wọ́n. Bí wọ́n bá fo ìpele yìí, òkú olùgba yóò wà láàrin ààyè, kírísítálì kò sì ní jáde láéláé. Ẹ̀kẹta ni M1 lẹ́ẹ̀kan sí i: níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ alprenolol dànù, tí wọ́n á sì fi carazolol, oògùn kan tó ń mú olùgba sùn, tó sì dì mọ́ olùgba ṣinṣin jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù PNGase F ń bá wọn já ṣúgà orí rẹ̀ dànù, nítorí ṣúgà kì í gùn bákan náà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mú un ki, asẹ́ 100 kDa ni wọ́n ń lò (kDa ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo purotéènì). Èyí ṣe pàtàkì. DDM tó kóra jọ láìní purotéènì nínú tó nǹkan bí 70 kDa. Bí asẹ́ bá kéré jù, ọṣẹ òfìfo yóò kóra jọ pẹ̀lú olùgba, ọṣẹ àpọ̀jù yẹn yóò sì ba ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kírísítálì jẹ́ ní ìgbẹ̀yìn.

Ìmọ́lẹ̀ lára Cys265

Ibí yìí ni a ti fẹ́ dúró díẹ̀. Láti àárín àwọn ọdún 1990 lọ, nígbà tí kírísítálì kò tíì sí, Kobilka àti àwọn bíi Ulrik Gether àti Pejman Ghanouni ń so ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ mọ́ olùgba tí wọ́n ti fọ̀ mọ́. Ibi tó wúlò jù ni cysteine 265, ní ìsàlẹ̀ opó kẹfà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí purotéènì G ń fara kàn. Bí àyíká àmì ìmọ́lẹ̀ yẹn bá yí padà, títàn rẹ̀ á yí padà, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé opó kẹfà ti ṣípò.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n rí. Oògùn tó ń jí olùgba ń mú kí opó kẹfà ṣípò lóòótọ́. Ìṣípòpadà náà lọ́ra ju bí oògùn ṣe ń wọlé lọ: oògùn á ti jókòó, olùgba á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yí. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: oògùn nìkan kì í mú gbogbo olùgba lọ sí ìrísí kan ṣoṣo. Kódà bí oògùn tó ń jí wọn bá kún inú gbogbo wọn, àwọn kan á ti jí, àwọn kan á wà lágbedeméjì, àwọn kan á ṣì máa sùn.

Ẹni tó bá ka ìyẹn dáadáa ti rí ọ̀nà méjèèjì tó wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kírísítálì ní kíákíá, kí wọ́n lo oògùn tó ń mú olùgba sùn, kí wọ́n sì wá nǹkan líle kan di ìsàlẹ̀ opó karùn-ún àti kẹfà mú. Bí wọ́n bá fẹ́ olùgba tó jí, oògùn kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi Gs, tàbí nǹkan tó ń ṣe bíi Gs, tì í láti ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ọ̀rọ̀ ṣe rí ní 2007 àti 2011. Lójú tiwa, àwọn tó ń ka ọdún wọ̀nyí sí àkókò ìdúró kò wo ohun tó wà nínú ìwé ìwádìí náà.

Owó kò pọ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Kobilka ṣe iṣẹ́ dókítà pàjáwìrì ní òpin ọ̀sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí owó ilé lè pé, owó ìrànwọ́ tó ń gbà láti Howard Hughes Medical Institute sì parí ní 2003. Ìyàwó rẹ̀, Tong Sun Thian, wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù náà.

Ọ̀nà méjì, oṣù kan náà

Søren Rasmussen ló gba ọ̀nà àkọ́kọ́. Wọ́n gún eku ní olùgba tó pé, wọ́n sì ṣa antibody tó mọ olùgba tó ṣì ní ìrísí, tí kò mọ èyí tó ti tú palẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń fi hàn pé antibody náà ń di ibi tó ní ìrísí gidi mú, kì í ṣe okùn tó ń já lọ já bọ̀. Èyí tí wọ́n mú, Mab5, ń di ìpẹ̀kun opó karùn-ún àti kẹfà lápá okùn kẹta mú. Wọ́n gé apá tó ń dì í mú sọ́tọ̀, Fab5, wọ́n gé ìrù olùgba kúrò láti 365 lọ, wọ́n sì fi wọ́n sínú bicelle, ìyẹn àdàpọ̀ ọ̀rá DMPC àti ọṣẹ CHAPSO. Pẹ̀lú ìrànwọ́ Gebhard Schertler ní Cambridge, wọ́n rí àwòrán tó mọ́ dé 3.4 Å ní ìhà kan àti 3.7 Å ní ìhà kejì. Apá inú sẹ́ẹ̀lì hàn kedere. Apá òde, níbi tí carazolol wà, kò hàn.

Daniel Rosenbaum gba ọ̀nà kejì. Ó yọ ọ̀pọ̀ jù nínú okùn kẹta, ó sì fi lysozyme, ẹ́ńsáìmù kékeré kan láti ara fáírọ́ọ̀sì T4, rọ́pò rẹ̀. Wọ́n yan T4 lysozyme nítorí pé ó rọrùn fún un láti di kírísítálì, ó le, orí àti ìrù rẹ̀ sì súnmọ́ ara wọn tó láti wọ àárín opó karùn-ún àti kẹfà láìfa èyíkéyìí ya. Èyí tún fún olùgba ní ara tó tóbi, tó fẹ́ràn omi, tí ọṣẹ kò bò, tí ẹyọ kan lè fi fara kan èkejì. Ohun tí wọ́n sọ nù nínú rẹ̀ ni pé olùgba tó ní T4 nínú báyìí kò lè bá Gs ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ṣì ń gba oògùn dáadáa, wọ́n sì yẹ èyí wò kí wọ́n tó tẹ̀síwájú.

Vadim Cherezov àti Raymond Stevens ní ilé-ìwádìí Scripps ló mú ọgbọ́n ọ̀rá wá. Wọ́n po olùgba tó ki mọ́ monoolein, irú ọ̀rá kan tó ní ìwọ̀n cholesterol díẹ̀ nínú, ìdá méjì olùgba sí ìdá mẹ́ta ọ̀rá. Síríńjì méjì tí wọ́n fi ẹnu kan ara wọn ni wọ́n fi ń po ó, wọ́n á máa tì í lọ tì í bọ̀ títí yóò fi mọ́ kedere bíi gíláàsì. Tó bá ṣì funfun, kò tíì dé. Wọ́n á wá kán an sílẹ̀ ní ìwọ̀n nánólítà, wọ́n á sì da omi PEG 400 tó tó ìdá 30 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú sodium sulfate lé e lórí. Nǹkan bí 20°C ni wọ́n ń fi í sí, nítorí monoolein máa ń dì bí òtútù bá pọ̀.

Kírísítálì tó jáde gùn tó nǹkan bí 30 maikiromítà, ó sì nípọn tó 5 péré. Bí wọ́n bá gbé e sínú òtútù nitrogen, ọ̀rá tó yí i ká á di funfun, ojú kò sì ní rí kírísítálì inú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní láti fi ìtànṣán wá a káàkiri ibi tí wọ́n ti gbé e, ní synchrotron (ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣe ìtànṣán èkìsíréè) tó wà ní Argonne lẹ́bàá Chicago, níbi tí wọ́n ti dín ìbú ìtànṣán kù sí maikiromítà 10. Ìtànṣán yẹn ń ba kírísítálì jẹ́ kíákíá, nítorí náà wọ́n mú díẹ̀díẹ̀ lára kírísítálì 27, wọ́n sì pa á pọ̀. Àwòrán tó jáde mọ́ dé 2.4 Å.

Níkẹyìn wọ́n rí carazolol níbi tó jókòó sí. Aspartate 113 ní opó kẹta di nitrogen rẹ̀ mú, asparagine 312 ní opó keje ràn án lọ́wọ́, serine 203 ní opó karùn-ún di apá kejì. Okùn kejì lápá òde kò bo ẹnu ihò mọ́lẹ̀ bíi ti rhodopsin. Ó lọ́ sí opó kékeré kan, afárá sulfur méjì dè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀. Ó bá ọgbọ́n mu: retinal kì í jáde, ṣùgbọ́n adirẹnalíìnì gbọ́dọ̀ lè wọlé kó sì jáde. Gbogbo àwọn tó ti fi rhodopsin ṣe àwòṣe fún olùgba hómónù ní láti tún ẹnu ọ̀nà yẹn yà.

Olùgba tó jí

Àwòrán 2007 jẹ́ ti olùgba tó ń sùn. Láti rí èyí tó jí, wọ́n kọ́kọ́ lo oògùn tó ń jí i tí wọ́n sì so mọ́ ọn pátápátá kó má lè jáde. Ìrísí tó jáde ṣì jọ ti èyí tó ń sùn, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀.

Jan Steyaert ní Brussels wá gún llama, ìbátan ràkúnmí ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní olùgba tí oògùn ajíni wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ llama ní irú antibody kan tí apá tó ń di nǹkan mú lára rẹ̀ kéré gan-an, nǹkan bí 15 kDa (nanobody ni wọ́n ń pè é), tó fi lè wọ inú kòtò tí antibody eku kò lè dé. Ọ̀kan nínú wọn, Nb80, ń ti olùgba láti ìsàlẹ̀ bí Gs ṣe ń ṣe. Oògùn BI-167107 láti ilé-iṣẹ́ Boehringer Ingelheim, tí kì í tètè jáde, bá a ṣiṣẹ́. Àwòrán náà jáde ní oṣù kìíní 2011: ìsàlẹ̀ opó kẹfà ti ṣí síta ní 11 Å.

Gs fúnra rẹ̀ ṣòro jù. Bó bá ti ju GDP sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró láìgba GTP, bẹ́ẹ̀ GDP tó wà nínú omi lè padà wọlé kó sì tú wọn ká. Kobilka àti Roger Sunahara ní Michigan fi ẹ́ńsáìmù apyrase jẹ GDP tó bá jáde run. DDM kò lè gbé àpapọ̀ náà pẹ́, wọ́n fi ọṣẹ tuntun MNG-3 rọ́pò rẹ̀. Georgios Skiniotis fi maikirosíkópù ẹlẹ́kítíróònì wò ó, ó sì rí i pé apá kan Gs ń fì kiri. Wọ́n wá nanobody mìíràn, Nb35, láti di Gsα àti Gβ, apá méjì lára Gs, mọ́ ara wọn. T4 lysozyme kò lè wà níbi okùn kẹta mọ́ nítorí Gs ló ń lo ibẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí orí, lápá òde. Nígbà tí àwòrán kírísítálì náà mọ́ dé 3.2 Å ní ọdún 2011 kan náà, opó kẹfà ti ṣí síta ní 14 Å, apá kan Gs sì ti yí kúrò lára èkejì ní nǹkan bí ìwọ̀n igun 127, ìyẹn ni ihò tí GDP gbà jáde. Ní oṣù kẹwàá 2012, Lefkowitz àti Kobilka pín Ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i

Ọ̀fẹ́ ni fáìlì àwòrán méjèèjì nínú Protein Data Bank, ibi ìkójọ àwòrán purotéènì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán sì lè ṣí wọn. Ẹ gba ètò ChimeraX, tó ń fi àwòrán purotéènì hàn, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹ̀kọ́. Ẹ kọ open 2rh1, kí ẹ sì kọ open 3sn6. Èkíní ni olùgba tó ń sùn pẹ̀lú carazolol, èkejì ni èyí tó di Gs mú. Ẹ kọ́kọ́ pa T4 lysozyme rẹ́ nínú méjèèjì pẹ̀lú delete :1002-1161, nítorí ibi tó wà nínú ọ̀kan kọ́ ló wà nínú èkejì, ó sì lè da ìfiwéra rú. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ matchmaker #2/R to #1/A, olùgba méjèèjì á sì bọ́ sórí ara wọn. Ẹ wọn distance #1/A:268@CA #2/R:268@CA: glutamate 268 ní ìsàlẹ̀ opó kẹfà, ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn 14 Å. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ opó karùn-ún, tó gùn sí i nínú èyí tó jí. Tí ẹ bá wá okùn kẹta nínú 3SN6, ẹ ó rí i pé apá tó pọ̀ níbẹ̀ kò sí nínú fáìlì. Ó ṣì ń mì jù fún èkìsíréè láti rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gs ti dì í mú.